Bí Ìpẹ́ Ẹja

Lókè ṣọ́ọ̀bù táyà, ní Duluth, létí adágún tó fẹ̀ bí òkun,
yàrá kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé.
Èmi Rauha ni mo háyà rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tún aago ìwọ̀n ọkọ̀ ojú omi ṣe,
àwọn ọkọ̀ ràgàjì tó ń kó irin lọ;
ọwọ́ mi mọ ohun kékeré tó ń gbé inú ohun ńlá.

Fọ́tò ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.
Ọjọ́ ìbí ọmọ aládùúgbò mi, Junia, ọmọ ọdún méjì,
kéèkì lọ́wọ́, ṣúgà létè.
Iná kámẹ́rà kọ mànà.
Ojú kan pọ́n nínú àwòrán, bíi ti gbogbo wa,
èkejì funfun,
funfun bí òṣùpá tó ṣìnà wọ yàrá.
Ìyá rẹ̀, Solveig, ní kámẹ́rà ló bàjẹ́.
Kámẹ́rà ò bàjẹ́.

Jẹjẹrẹ inú ẹyinjú ọmọdé:
àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe,
kì í ṣe é ní ìdá; odindi ló ń ṣe é.
Abẹ́rẹ́ tí wọ́n rọ fún àgbàlagbà
ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti fi wọ ojú tí kò ju àgbáyun lọ.
Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè;
àwa ń fi tipá kì í bọnú rẹ̀,
kèrègbè sì ń sán.

Mo lọ sí báńkì. Ọ̀gbẹ́ni Haugdahl,
táì búlúù, kọfí tútù,
ó bi mí: "Ọmọ mélòó lọ́dọọdún?"
Mo sọ iye rẹ̀.
Ó tún un bi, bóyá mo fo òdo kan.
"Ọjà yìí kéré, màmá."
Ọjà!
Mo wọ bàtà yìnyín mi, mo bá tèmi lọ.

Ìjọba ní àpò kan fún irú wa,
fún ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò kún tábìlì oúnjẹ:
èmi, Tou Ger Vang tó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ ọ̀nà oko,
àti Delphine, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.
A kọ fọ́ọ̀mù náà lóru, tàwa taṣọ òtútù.
Lẹ́tà dé: Rárá.
Èrò yín dára, wọ́n ní, ẹ̀rí ni kò tó.
Láìlówó, níbo la ti fẹ́ rí ẹ̀rí?
Láìsí ẹ̀rí, ta ni yóò fún wa lówó?
Ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí.
Mo ta ọkọ̀ ìpẹja bàbá mi.
A tún kọ.

Oṣù kẹrin, yìnyín adágún ń fọ́ bí ìró ìbọn,
lẹ́tà kejì dé.
Delphine kà á, ó jókòó sórí àpò iyọ̀ tí a fi ń yọ́ yìnyín ẹnu ọ̀nà.
Owó oṣù mẹ́sàn-án. Kì í ṣe owó ọlà:
owó ilé, owó iṣẹ́ ènìyàn méjì, owó awò kan láti òkèèrè.

Nísinsìnyí ó wà lórí àtẹ́lẹwọ́ mi,
pẹlẹbẹ, tín-ín-rín bí ìpẹ́ ẹja,
ohun tí yóò dúró lẹ́yìn ẹyinjú
tí yóò máa kán oògùn síbi àrùn nìkan, díẹ̀díẹ̀.
Kò tíì wọ ojú ẹnikẹ́ni. Ọdún mélòó ló kù, n ò mọ̀.

Junia wá lánàá. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà.
Gíláàsì ni ojú òsì rẹ̀, wọ́n kùn ún dáadáa;
ó máa ń yọ ọ́ láti fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.
Ó ní, "Ṣé tèmi nìyí?"
Mo ní rárá. Ti ọmọ kan tí wọn ò tíì bí ni.
Kò sunkún. Ó gbé e sórí ìka, ó fi ojú kan wò ó títí.
"Ṣé ó máa dùn ún?"

Ojú-ìwé ogójì ni fọ́ọ̀mù ìjọba.
Wọ́n bi wá léèrè ọjà, èrè, ẹni tí a jọ ń díje.
Mo wá ìbéèrè yẹn síwá-sẹ́yìn,
n ò rí i.
Tou Ger gbé e lọ sábẹ́ iná.
"Etí rẹ̀ ṣì mú," ó ní.
A tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.